Ọ̀rọ̀ tí Malami sọ lórí béèlì Dasuki: kí ló kàn wá ní Ìkòròdú?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àná, nídìí fọkanáísà kan ní Sábó, àríyànjiyàn dé lórí ọ̀rọ̀ tí Malami sọ ní 2018, nígbà tó ṣì jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ àti mínísítà ètò ìdájọ́. Wọ́n bi í lórí rédíò pé kí ló dé tí ìjọba ò tíì tú Dasuki sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo béèlì tí kọ́ọ̀tù ti fún un, ó ní tọ́rọ̀ bá ti kan gbogbo orílẹ̀-èdè, ẹ̀tọ́ ẹnì kan ò lè borí ire gbogbo ìlú. Làwọn lọ́yà bá gbé e gbóná fún un, tàwọn oníwèé ìròyìn náà sì dá sí i. Èmi ò rí nǹkan tó burú nínú ọ̀rọ̀ yẹn o. Oúnjẹ ẹnu wọn làwọn lọ́yà ń jà fún. Àwa tá a wà ní Ìkòròdú nígbà àwọn apànìyàn Bádò, ṣé ẹnikẹ́ni tún lè máa sọ fún wa pé ààbò kọ́ ló ṣáájú? Ẹ bá wa dá sí i. Kí ló kàn wá níbẹ̀?

* * *

Àbúrò mi, o ṣeun tó o gbé e wá síbí. Mi ò ní fi sábẹ́ ahọ́n sọ: Malami ṣì í sọ, àṣìsọ yẹn sì kàn wá dé ẹnu ọ̀nà ilé. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí bó ṣe ṣẹlẹ̀ torí ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbàgbé.

Dasuki ni olùdámọ̀ràn Jonathan lórí ètò ààbò. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án lórí owó tó yẹ kí wọ́n fi ra nǹkan ìjà. Ìparí 2015, kọ́ọ̀tù fún un ní béèlì, ó ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe, àfi bó ṣe ń jáde lẹ́wọ̀n Kuje tí DSS, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba, tún gbé e. Ó gbẹ́jọ́ lọ sí kọ́ọ̀tù ECOWAS, àwọn yẹn dájọ́ ní oṣù kẹwàá 2016 pé títì tí wọ́n tì í mọ́lé ò bófin mu, kí ìjọba san mílíọ̀nù 15 náírà fún un. Wọn ò tú u sílẹ̀. Ọjọ́ kejì oṣù keje 2018, Adájọ́ Ijeoma Ojukwu tún fún un ní béèlì l'Ábújá, 200 mílíọ̀nù náírà pẹ̀lú onídùúró méjì. Oṣù yẹn kan náà ni Malami lọ sórí rédíò VOA tó ń sọ èdè Haúsá tó lọ sọ ohun tó sọ. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, Buhari fúnra ẹ̀ dúró níwájú àwọn lọ́yà níbi àpérò ọdọọdún NBA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà, l'Ábújá, ó ní ààbò àti ire orílẹ̀-èdè ló ń ṣáájú, kí ìjọba òfin máa tẹ̀ lé e. NBA ní àwọn ò gbà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kẹrinlélógún oṣù Kejìlá 2019 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀, òun àti Sowore ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn. Ọdún mẹ́rin ni ká pè é. Malami wá ń to ìdí tí wọ́n fi tú wọn sílẹ̀, ó dárúkọ ìgbọràn sí kọ́ọ̀tù, ó wá fi àánú kún un. Àánú yẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀. Ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè, tó wá san án lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, tó ní àánú ẹ ló ṣe òun, kí lo máa sọ fún un?

Mi ò sọ pé Dasuki ò jẹ̀bi o. Kọ́ọ̀tù ló yẹ kó sọ ìyẹn. Ẹni tí wọ́n fún ní béèlì ò tíì jàre, ilé ló ti máa wá jẹ́jọ́ ni.

* * *

Ìwọ lo dárúkọ Bádò, jẹ́ ká sọ̀rọ̀ Bádò.

Ẹni tí ò sí n'Ìkòròdú ní 2016 sí 2017 ò lè mọ̀ ọ́n. Àwọn Bádò á wọlé lóru, wọ́n á fi ọmọ ọlọ fọ́ orí bàbá, ìyá àtọmọ, wọ́n á fi áńkáṣífù funfun nu ẹ̀jẹ̀. Ládùúgbò tiwa, ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù pín gbogbo ọkùnrin sí ọ̀nà mẹ́ta, à ń ṣọ́de, èmi náà di àdá mú láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí tí wọ́n á fi pe ìrun àsùbáà. Ẹ̀rù yẹn ò ṣeé fẹnu sọ. Torí náà mi ò ní bínú sí ẹni tó bá ní ààbò ló ṣáájú, mo mọ ibi tó ti ń bọ̀.

Àmọ́ rántí oṣù keje 2017 náà. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dáná sun ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti fura sí, wọ́n sì pa àwọn tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀, òṣèré aláwàdà kan wà lára wọn.

Àbúrò ìyàwó mi, onítáìlì ni, ó ń tibi iṣẹ́ bọ̀ láti ọ̀nà Ṣàgámù, ilẹ̀ ti ṣú. Báàgì ẹ̀, òòlù wà níbẹ̀, àkísà funfun tó fi ń nu táìlì wà níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ ojú títì dá a dúró, wọ́n tú báàgì, wọ́n rí òòlù, wọ́n rí àkísà, ó parí. Kí n tó débẹ̀ táyà ti wà lọ́rùn ẹ̀. Ọmọkùnrin kan di gálọ́ọ̀nù pẹtiróòlù mú, ó ti dà lára gálọ́ọ̀nù yẹn sí ejìká ẹ̀, mò ń gbọ́ òórùn ẹ̀ látòkèèrè. Mò ń pariwo pé àna mi ni, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn, ẹnì kan ṣáà yíjú sí mi ó ní, "Ṣé torí ẹnì kan ni kí gbogbo àdúgbò ṣe kú tán?"

Ṣó o gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, àbúrò? Ọ̀rọ̀ Malami náà ni. Kò sí ìyàtọ̀ kankan.

Bàbá kan tó ń pèrun ní mọ́ṣáláṣí wa ló gbà á sílẹ̀. Bàbá yẹn ò mọ̀ ọ́n rí, kò mọ̀ bóyá Bádò ni tàbí kì í ṣe Bádò. Ó ṣáà kó sáàárín, ó di táyà yẹn mú, ó ní agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́ òṣìkà èèyàn ni, tésàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Wọ́n gbé e lọ sí tésàn. Wọ́n pe ọ̀gá ẹ̀ lórí fóònù, ọ̀gá dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jẹ́rìí sí i, ó gbé òòlù ẹ̀ fún un. Àna mi ṣì ń lẹ táìlì títí dòní. Iṣẹ́ tí bàbá yẹn ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni kọ́ọ̀tù ń ṣe fún gbogbo wa, kódà fún ẹni tá a kórìíra.

Ẹ tún wo abala 35 nínú ìwé òfin 1999. Ó ní ẹni tí wọ́n bá mú, tí kọ́ọ̀tù bá wà láàárín kìlómítà 40 síbẹ̀, kó dé iwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ kan. Ẹni tí wọ́n bá fura sí pé ó dá ẹ̀ṣẹ̀ ikú nìkan ni wọ́n yọ sọ́tọ̀. Tésàn wo ló wà láti Ògólóńtò dé Ìjẹ̀dè tí ò sí kọ́ọ̀tù láàárín kìlómítà 40 sí i? Ẹ̀tọ́ tí Dasuki ń bèèrè àti ẹ̀tọ́ ọmọ wa tí wọ́n kó ní rédì ní Agric, inú abala kan náà ni wọ́n wà.

* * *

Ẹ̀gbọ́n wa kan láti Ẹ̀pẹ́ kọ̀wé pé, "Ẹ̀ ń gbé àwọn adájọ́ gẹ̀gẹ̀ bíi pé áńgẹ́lì ni wọ́n. Ẹni tó bá lówó ló ń gba béèlì. Malami mọ ohun tó rí."

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà fún yín dé ìdajì. Adájọ́ tó ń gba rìbá wà, ẹni tó bá sẹ́ ìyẹn ò tíì lọ sí kọ́ọ̀tù rí. Àmọ́ tí ìdájọ́ ò bá tẹ́ ìjọba lọ́rùn, ẹ̀ka kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wà, Sùpríìmù Kọ́ọ̀tù wà. Kí wọ́n ní kí ilé ẹjọ́ tó ga jù ú lọ dá ọ̀rọ̀ béèlì yẹn dúró ná. Tí adájọ́ fúnra ẹ̀ bá bàjẹ́, NJC, ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó àwọn adájọ́, wà tí wọ́n lè fẹjọ́ ẹ̀ sùn. Gbogbo ọ̀nà yìí ló ṣí sílẹ̀ fún agbẹjọ́rò àgbà, ó sì mọ̀ ọ́n ju èmi àtẹ̀yin lọ, SAN ni, ọ̀kan nínú àwọn àgbà lọ́yà. Ẹnikẹ́ni lè ní ìdájọ́ kan ò dáa, mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fúnra mi. Èyí tí ò ṣeé gbà ni kéèyàn gba ọ́dà kọ́ọ̀tù kó fi sábẹ́ tìmùtìmù.

* * *

Ẹlòmíì ní Sùpríìmù Kọ́ọ̀tù gan-an ti sọ ohun tí Malami sọ, pé kí n lọ ka ẹjọ́ Asari Dokubo, ajìjàgbara Niger Delta nì.

Mo dúpẹ́ pé ẹ mú èyí wá torí òun gan-an làwọn ìjọba dì mú nígbà yẹn. Lóòótọ́, ní 2007, nínú ẹjọ́ Asari Dokubo, Sùpríìmù Kọ́ọ̀tù sọ pé tí ewu bá ń bọ̀ wá bá orílẹ̀-èdè, wọ́n lè dá ẹ̀tọ́ ẹnì kan dúró ná. Àmọ́ ta ló sọ ọ́? Adájọ́ ni. Asari ń bẹ kọ́ọ̀tù fún béèlì, kọ́ọ̀tù wo ọ̀rọ̀ ààbò mọ́ ọn, wọ́n ní àwọn ò fún un. Ti Dasuki, ìjọba ti ro tiwọn níwájú adájọ́, wọ́n ti ní ewu ni, adájọ́ gbọ́ ọ, ó wọ̀n ọ́n, ó ní kí wọ́n gba béèlì ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ti dá lẹ́jọ́ tán ò tún lè délé kó tún ẹjọ́ ara ẹ̀ dá. Èyí tí wọ́n fà yọ ò gbè wọ́n rárá, ó ń sọ pé adájọ́ ló ni òṣùwọ̀n yẹn lọ́wọ́.

Mo ṣáà fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ ka ìyẹn lẹ́ẹ̀kejì.

* * *

Mo ní mo máa sọ bó ṣe kan wá dé ẹnu ọ̀nà ilé.

Bàbá mi ra pulọ́ọ̀tì méjì lọ́nà Ìmọ̀ta, wọ́n ní rìsíìtì, wọ́n ní ìwé. Àwọn ọmọ onílẹ̀ yí padà tà á fún ẹlòmíì. Ọdún mọ́kànlá la fi ń lọ kọ́ọ̀tù. Adájọ́ mẹ́ta ni wọ́n gbé kúrò lórí ẹjọ́ yẹn tá a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo mọ gbogbo bẹ́ǹṣì tó wà nínú kọ́ọ̀tù yẹn, mo mọ èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń mì. Ìparí 2018 la gba ìdájọ́. Òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù wá lẹ ìwé mọ́ fẹ́ǹsì, bàbá mi dúró tì í, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tẹ igun ìwé yẹn mọ́ búlọ́ọ̀kù kó má bàa ṣí. Kò pé wákàtí méjì. Ọmọ onílẹ̀ kan dé, ó ya á kúrò lójú bàbá mi, ó fà á fún ìyá tó ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ pé kó fi dì í fóun. Ó wá kọjú sí bàbá mi, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò gbọ́ ìròyìn ni? Àwọn Ábújá gan-an ò tẹ̀ lé kọ́ọ̀tù, èmi lẹ wá fẹ́ kí n tẹ̀ lé e?"

Ẹni ọdún 74 ni bàbá mi lọ́jọ́ yẹn. Wọn ò sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Ọmọ yẹn ò mọ abala kankan nínú òfin. Ibi tó ti kọ́ ọ ni òkè. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé ṣì wà lórí àjà fún ìyàwó, ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ lónìí pé wọ́n ń fìyà jẹ Dasuki láìka kọ́ọ̀tù sí, pàṣán yẹn ń bọ̀ lára ẹ̀ lórí pulọ́ọ̀tì kan tàbí ìsọ̀ kan. Ìdí tí mo fi ń bínú sí ọ̀rọ̀ Malami nìyẹn. Abala 287 nínú ìwé òfin 1999 yẹn ò pín ìdájọ́ sí èyí tó kan ìlú àtèyí tó kan ẹnì kan. Gbogbo aláṣẹ àti gbogbo èèyàn ló gbọ́dọ̀ mú ìdájọ́ ṣẹ, láti ti Sùpríìmù Kọ́ọ̀tù dé ti Háì Kọ́ọ̀tù. Agbẹjọ́rò àgbà ni ìwé òfin sì pè ní olórí òṣìṣẹ́ òfin ìjọba, wọ́n kọ ọ́ sí abala 150. Tí olórí ẹlẹ́ran bá ti ní ẹran ò gbọdọ̀ mọ́, kí lọmọ iṣẹ́ máa ṣe?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bèèrè bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá mi ṣe parí: lọ́yà wa gbé fọ́ọ̀mù 48 lọ bá ọmọ onílẹ̀ yẹn, èyí tó ń kìlọ̀ fún un pé tí ò bá tẹ̀ lé ọ́dà, ẹ̀wọ̀n ni. Kò ṣe bí ẹni gbọ́. A gbé fọ́ọ̀mù 49, pé kó wá sọ ìdí tí wọn ò fi ní jù ú sẹ́wọ̀n. Ìgbà yẹn ló tó rán àwọn àgbààgbà sí wa. Ẹ má jẹ́ kí lọ́yà yín gbàgbé fọ́ọ̀mù méjèèjì yìí. Ẹ sì rántí pé Èkó ti ní òfin tó de àwọn ajagungbalẹ̀ láti 2016, abẹ́ iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ ni ikọ̀ tó ń mójú tó o wà.

* * *

"Torí pé Haúsá ni Malami lẹ ṣe ń bú u. Tó bá jẹ́ Yorùbá ni, ẹ ò ní sọ̀rọ̀."

Rárá o. Ẹ jẹ́ ká sọ ti Yorùbá. Obasanjo ọmọ Òwu l'Abẹ́òkúta, òun ló dá owó káńsù Èkó dúró ní 2004 torí pé Tinubu dá káńsù tuntun 37 kún ogún tó wà nílẹ̀. Ìkòròdú wà nínú ẹ̀ gan-an: Ìkòròdú North, Ìkòròdú West, Ìgbógbó-Báyékù, Ìjẹ̀dè, Ìmọ̀ta, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá. Èkó pẹjọ́, Sùpríìmù Kọ́ọ̀tù dájọ́ ní oṣù Kejìlá 2004 pé ààrẹ ò ní agbára láti di owó yẹn mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n tún sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn káńsù tuntun yẹn ò tíì parí láìjẹ́ pé ilé aṣòfin àpapọ̀ dá sí i. Obasanjo di owó yẹn mú títí tó fi kúrò lórí oyè. Yar'Adua ló tú u sílẹ̀ ní 2007. Ohun tí Obasanjo ṣe sí Èkó nígbà yẹn àtohun tí Malami ń gbèjà ní 2018, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ẹ sì jẹ́ kí n dárúkọ Yorùbá kan tó ṣe é dáadáa. Olu Onagoruwa, ọmọ Òdogbolú tó súnmọ́ wa yìí, òun ni agbẹjọ́rò àgbà Abacha. Ọ̀pọ̀ èèyàn bínú sí i pé ó bá Abacha ṣiṣẹ́ rárá, wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi bínú. Àmọ́ ní oṣù kẹsàn-án 1994, nígbà táwọn sójà ṣe òfin tó ń gba agbára lọ́wọ́ kọ́ọ̀tù, ó pe àwọn oníròyìn jọ, ó ní òun ò mọ̀ nípa ẹ̀, òun ò sì fọwọ́ sí i. Wọ́n lé e kúrò níṣẹ́. Ìyẹn ṣẹlẹ̀ nígbà ìjọba ológun o, tí ẹnu lè gbé èèyàn dé sàréè. Malami ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìjọba tá a dìbò yàn.

Ẹni tó wà níbẹ̀ lẹ́yìn Malami, Lateef Fagbemi, ọmọ Kwara, òun ló pe gómìnà ìpínlẹ̀ 36 lẹ́jọ́ lórí owó káńsù, Sùpríìmù Kọ́ọ̀tù sì dá a láre lọ́jọ́ kọkànlá oṣù keje 2024. Látìgbà yẹn ló ti ń sọ fáwọn gómìnà pé kí wọ́n tẹ̀ lé ìdájọ́. Ó tọ̀nà, mo wà lẹ́yìn ẹ̀. Mo kàn fẹ́ ká di òun náà mú sí i lọ́jọ́ tí ìdájọ́ bá kọjú sí ìjọba àpapọ̀.

* * *

Ìyá kan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, wọ́n sì ní kí n gbé e síbí. Mọ́tò iléeṣẹ́ ìjọba kan kọlu ìsọ̀ wọn, ó ba ẹ̀rọ ìlọta méjì jẹ́. Wọ́n pẹjọ́, wọ́n jàre, kọ́ọ̀tù ní kí wọ́n san owó. Owó ò jáde. Wọ́n ní kí lọ́yà wọn gbà á ní báńkì, lọ́yà ní ó di kí agbẹjọ́rò àgbà fọwọ́ sí i.

Mà, òótọ́ ni lọ́yà yín sọ. Òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní Sheriffs and Civil Process Act, abala 84, ó ní tí owó bá wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ ò lè ní kí báńkì san án fún yín láìjẹ́ pé agbẹjọ́rò àgbà gbà. Ẹni tó ń gbèjà ìjọba ló tún máa fọwọ́ sí i kí ìjọba tó san gbèsè. Ní 2017, nínú ẹjọ́ tí CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, àti iléeṣẹ́ Interstella bá ara wọn ṣe, Sùpríìmù Kọ́ọ̀tù dín in kù díẹ̀, wọ́n ní tó bá jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà fúnra ẹ̀ ló jẹ gbèsè yẹn, ẹnikẹ́ni ò ní dúró de ìfọwọ́sí ẹ̀. Ẹ ní kí lọ́yà yín wò ó bóyá ó bá tiyín mu.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò àgbà ò kan mẹ̀kúnnù, owó ẹ̀rọ ìlọta ìyá yìí wà níbi gègé ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹni tó gbà pé ìdájọ́ ṣeé ṣà lẹ́sà ló di gègé yẹn mú, ọjọ́ wo lowó yẹn máa jáde?

* * *

Àbúrò mi tó bèèrè ọ̀rọ̀ ti padà wá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ ti àna yín, ó wọ̀ mí lára. Àmọ́ tí kọ́ọ̀tù bá tú Bádò gidi sílẹ̀ ńkọ́?"

Ìbéèrè tó le nìyẹn, mi ò ní fi wéré dá ẹ lóhùn. Ó lè ṣẹlẹ̀. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹni tí mo máa kọ́kọ́ di mú ni ọlọ́pàá tí ò rí ẹlẹ́rìí kó wá, àti lọ́yà ìjọba tó ń gba ọjọ́ lójoojúmọ́ tí ò ṣe tán. Dasuki tí wọ́n tì mọ́lé fọ́dún mẹ́rin yẹn, kí ni wọ́n fi ọdún mẹ́rin yẹn ṣe nínú ẹjọ́ ẹ̀? Tí ẹ̀rí bá wà lọ́wọ́ ìjọba, kí wọ́n kó o síwájú adájọ́, kí wọ́n jẹ́ kó dá a lẹ́bi, kó lọ sẹ́wọ̀n tààrà. Ẹ̀rù ò bà mí pé kọ́ọ̀tù á fún ẹni burúkú ní béèlì tó bẹ́ẹ̀, bó ṣe ń bà mí pé mo tún máa gbọ́ òórùn pẹtiróòlù lára ẹni mi, tí ò ní sí bàbá tó máa di táyà mú.

Mà, ẹ̀yin ẹlẹ́rọ ìlọta, ẹ lọ gba ẹ̀dà ìdájọ́ yín tí kọ́ọ̀tù lù ní òǹtẹ̀, ẹ má gbà fọ́tókópì lásán lọ́wọ́ akọ̀wé. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa wà ní kọ́ọ̀tù ní Ìkòròdú láti aago mẹ́sàn-án, ẹ wá bá mi, mo máa mú yín lọ bá lọ́yà tó bá wa ṣe fọ́ọ̀mù 49.